Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì Tuntun

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò sítáàtì láàárọ̀, bátìrì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Awakọ̀ á pe ríwáyà, ríwáyà á ní bátìrì ti kú, owó á sì jáde. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bátìrì tuntun náà á tún kú láàárín oṣù mélòó kan, nítorí pé ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ọkọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ríwáyà n'Íbàdàn ni mo ti máa ń lo ìsinmi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wa ọkọ̀ àwọn òbí wa, àwọn kan sì ń fi ọkọ̀ wá owó ilé ìwé. Mítà kékeré kan tó ń wọn iná, pẹ̀lú sùúrù díẹ̀, lè gbà wá lọ́wọ́ ìnáwó òfò.

Bí iná ṣe ń rìn

Bátìrì dà bí àmù omi inú ilé. Omi inú rẹ̀ la fi ń sítáàtì ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, alternator ló di kànga: bẹ́líìtì ń yí i, ó ń pèsè iná tí ọkọ̀ ń lò, ó sì ń pọn omi padà sínú àmù. Díódù inú rẹ̀ ló ń sọ iná AC di DC tí bátìrì lè gbà. Régúlétọ̀ ló ń rí i pé iná náà kò pọ̀ jù. Wáyà nínípọn kan ló ń gbé e lọ sí orí pọ́sítíìfù bátìrì. Ara ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀ ni iná ń gbà padà. Bí ibikíbi bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà yìí, àmù kò ní kún.

Ìwọ̀n mẹ́ta

Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò ó. Ṣé bẹ́líìtì kò dẹ̀, ṣé kì í ké? Ṣé orí bátìrì kò mì, ṣé ìdọ̀tí funfun kò bò ó? Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì, iná pupa bátìrì yẹ kó tàn; bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó kú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, bí gílóòbù náà bá ti jó, alternator lè má jí rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mítà sí DC, fólìtì 20. Ẹ fi pupa kan pọ́sítíìfù, kí ẹ fi dúdú kan nẹ́gétíìfù.

Àkọ́kọ́, láàárọ̀ kí ẹ tó sítáàtì: 12.6 túmọ̀ sí pé bátìrì kún. 12.2 ti tó ìdajì. Bí kò bá tó 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìwọ̀n yìí kò tíì sọ ẹni tó gbẹ ẹ́.

Ìkejì, lẹ́yìn tí ẹ ti sítáàtì: ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí ó bá wà ní 12.4 tó ń lọ sílẹ̀, iná kò dé. Bí ó bá kọjá 15, régúlétọ̀ ti ń ṣe àṣejù, ó ń se omi inú bátìrì.

Ìkẹta, ẹ tan iná iwájú àti fáànù, kí ẹ tẹ tọ́rọ́tù díẹ̀. Bí ó bá já sí ìsàlẹ̀ 13, bẹ́líìtì ń yọ̀ ni, tàbí agbára alternator ti dínkù.

Ẹ rántí pé nínú àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún alternator, ó lè mú iná lọ sókè sódò. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ wò kí ẹ tó dájọ́.

Iná tó sọnù lọ́nà

Àbúrò ìyá mi kan tó ń fi ọkọ̀ ṣe takisí ra bátìrì méjì láàárín oṣù márùn-ún. Wọ́n ti ní kó tún lọ ra alternator. Nígbà tí a wọn ẹnu alternator rẹ̀, 14.3 ni. Lórí bátìrì, 12.9. Fólìtì 1.4 ti sọnù lọ́nà.

Ibo ló sọnù sí? A fi ẹnu mítà kan sí ibi tí iná ti ń jáde lára alternator, a fi ìkejì sí pọ́sítíìfù bátìrì: 0.1. Kò burú. A tún fi ọ̀kan sí ara alternator, ìkejì sí nẹ́gétíìfù: 1.3. Olè rèé. Wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà. A pààrọ̀ wáyà náà, a ha ojú ibi tó jókòó sí, orí bátìrì sì di 14.1. Bí ẹ́ńjìnnì àti iná iwájú bá wà ní títàn, kò yẹ kí ìhà kọ̀ọ̀kan kọjá nǹkan bí 0.2.

Bí gbogbo ìwọ̀n bá dára tí bátìrì ṣì ń kú lóru, ẹ jẹ́ kí ríwáyà wò ó bóyá nǹkan kan ń mu iná nígbà tí ọkọ̀ ń sùn. Ohun tó bá kọjá 50 mílíáńpù ti pọ̀ jù.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà

Àwọn kan máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti mọ̀ bóyá alternator dára. Ẹ má gbà fún wọn. Bátìrì ló ń gba ìdàrúdàpọ̀ iná mọ́ra. Bí a bá yọ ọ́ lójijì, iná lè fò sókè kó jó díódù tàbí brain box, èyí tó lè wọ́n ju bátìrì lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá owó. Ọkọ̀ tí alternator rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lè dáṣẹ́ sílẹ̀ ní òpópónà lóru, pẹ̀lú iná iwájú tó ti ń ṣókùnkùn. Nítorí náà, bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé bátìrì ti kú, ẹ béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, fólìtì mélòó ló ń gbé wá bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́?” Bí kò bá tíì wọ̀n ọ́n, ẹ má tíì sanwó.