Àtíkè Wo Ló Bá Ojú Mi Mu?

Obìnrin méjì lè jọ ra àtíkè kan náà ní ìsọ̀ kan náà ní ọjà Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Nígbà tí oòrùn bá fi kan àtàrí, ti ọ̀kan ṣì wà lójú rẹ̀ bó ṣe fi í sí, ti èkejì ti ṣàn níwájú orí, ó ti ṣù jọ sí ẹ̀gbẹ́ imú. Ẹni kejì á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ohun tó ṣe àtíkè yẹn. Awọ ojú àwọn méjèèjì ni kò rí bákan náà. Bí aládùúgbò bá bi mí pé irú mékọ́ọ̀pù fúyẹ́fúyẹ́ wo ni kí òun máa lò, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé, nítorí ẹni tó bá mọ irú awọ tó wà lójú rẹ̀ kò ní máa fowó ṣòfò.

Lábẹ́ awọ wa, àwọn àpò tíntìntín kan wà tó ń ṣe ọ̀rá, tí wọ́n sì ń tú u jáde gba inú ihò tí irun ara ti ń hù. Ọ̀rá yìí ló ń mú kí ojú máa dán, òun náà ni kì í jẹ́ kí awọ sán. Àwọn àpò wọ̀nyí pọ̀ níwájú orí, lórí imú àti ní àgbọ̀n ju bí wọ́n ṣe pọ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Bí ọ̀rá ṣe ń jáde lára ẹnì kan kọ́ ló ṣe ń jáde lára ẹlòmíràn. Ó máa ń pọ̀ lójú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, ó sì máa ń dín kù lójú obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá. Ìdí nìyẹn tí ohun tó bá ọmọ ọdún 18 mu fi lè má bá ìyá rẹ̀ mu rárá.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi dá awọ yín mọ̀ kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá lọ sóko tàbí ọjà, ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò le bọ́jú, ẹ rọra nù ún gbẹ, ẹ má sì fi ohunkóhun pa á. Ẹ má lo ọṣẹ dúdú fún ìdánwò yìí, nítorí eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi ń sè é máa ń fa ọ̀rá kúrò lójú, ó sì lè mú kí awọ ọlọ́ràá dà bí èyí tó gbẹ. Ẹ jókòó sí ibòòji fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ya tíṣù sí wẹ́wẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí, imú, àgbọ̀n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, kí ẹ wá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá rin fún ọ̀rá bí bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, awọ ọlọ́ràá ni tiyín. Bí kò bá sí ọ̀rá kankan lára rẹ̀, tí ojú sì ń fún yín mọ́ra, awọ gbígbẹ ni. Bí ti iwájú orí, imú àti àgbọ̀n bá lọ́ràá, tí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbẹ, àdàlù ni; irú èyí sì wọ́pọ̀ gan-an. Bí ọ̀rá bá wà níwọ̀nba káàkiri, tí ojú kò sì fún mọ́ra, awọ yín wà déédéé. Irú karùn-ún ni awọ ẹlẹ́gẹ́. Tíṣù kò lè fi ìyẹn hàn, ara ẹni ló ń sọ ọ́: bí ọṣẹ tàbí ìpara tuntun bá ti kan ojú, á máa ta á, á máa yún un, tàbí kí ó sú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ń mú kí nǹkan ìṣaralóge fúyẹ́ tàbí kó wúwo. Àwọn òṣèré sinimá Amẹ́ríkà ni ilé iṣẹ́ Max Factor kọ́kọ́ ṣe pánkéèkì fún ní àwọn ọdún 1930, kí ojú wọn lè gún régé níwájú iná kámẹ́rà. Ohun tó máa bo awọ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá nígbà náà. Ẹni tó ń lọ láti Lálúpọn sí Gbági tuntun lórí ọ̀kadà, tàbí tó ń jókòó ti igbá ọjà ní Àkànrán látàárọ̀ dalẹ́, kò nílò irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lójú.

Kí ẹ lè mọ èyí tó fúyẹ́, ẹ̀yìn páálí ni ẹ ó wò. Wọ́n to orúkọ àwọn èròjà síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ “aqua” tàbí “water” ló ṣáájú, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, nǹkan náà sábà máa ń fúyẹ́. Bí “petrolatum”, “mineral oil” tàbí ohunkóhun tí wọ́n pè ní “wax”, èyí tí í ṣe ìda, bá wà níwájú, á wúwo, á sì mú ooru dání lójú.

Bí awọ yín bá lọ́ràá, fandéṣọ̀n olómi tí wọ́n kọ “oil-free” sí lára ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ lo àtíkè ẹlẹ́bu nìkan. “Matte” túmọ̀ sí pé kò ní máa dán. “Non-comedogenic” ni pé wọ́n ṣe é kó má baà dí ihò ara, nítorí ihò tó bá dí ni irorẹ́ ti ń wá. Bí ojú bá ń dán lọ́sàn-án, ẹ má da àtíkè lé òógùn. Ẹ kọ́kọ́ fi tíṣù tẹ ojú náà gbẹ, kí ẹ tó fi àtíkè díẹ̀ kàn án. Ẹ ṣọ́ra fún ìpara irun pẹ̀lú. Ní 1970, àwọn dókítà mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Plewig, Fulton àti Kligman, kọ̀wé nípa irorẹ́ tí ìpara irun máa ń fà níwájú orí àwọn èèyàn dúdú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bá fandéṣọ̀n jà, ìpara irun tó ń ṣàn wálẹ̀ nígbà ooru ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Awọ gbígbẹ kò fẹ́ àtíkè ẹlẹ́bu púpọ̀, nítorí á lẹ̀ mọ́ ibi tó ń hó, á sì fi gbogbo ìlà ojú hàn. Bí omi ìwẹ̀ kò bá tíì gbẹ tán lójú, ẹ fi ìpara tàbí òrí tíntín pa á. Ẹ jẹ́ kó wọ ara fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ìpara aláwọ̀, èyí tí wọ́n ń kọ “tinted” sí lára, ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tí awọ rẹ̀ jẹ́ àdàlù kò ní láti ra fandéṣọ̀n oríṣi méjì: kó fi ìpara aláwọ̀ yẹn pa gbogbo ojú, kó sì fi àtíkè kan iwájú orí, imú àti àgbọ̀n nìkan. Awọ ẹlẹ́gẹ́ ní tirẹ̀ ń fẹ́ ohun tí èròjà rẹ̀ kò pọ̀, tí kò ní “fragrance” tàbí “parfum” nínú, nítorí lọ́fínńdà wà lára ohun tó máa ń bí awọ nínú jù. Kí ẹ tó fi nǹkan tuntun kan ojú, ẹ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá yún, tí kò sì sú, ẹ lè lò ó.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló kàn. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ń fi dán fandéṣọ̀n wò, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ọwọ́ àti ti ojú kì í sábà dọ́gba. Ẹ fi í sí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ jáde sí ìta gbangba, kí ẹ sì dúró díẹ̀, torí òmíràn máa ń ṣókùnkùn sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tí ẹ bá wá a tì lójú yín ni tiyín. Àtíkè tí tálíkì tàbí “titanium dioxide” pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń mú kí ojú dúdú funfun bí eérú. Nígbà kan, ìwọ̀nba àwọ̀ díẹ̀ ló wà fún wa lórí igbá. Tara Fela-Durotoye dá ilé iṣẹ́ ìṣaralóge House of Tara sílẹ̀ ní 1998, ilé iṣẹ́ Zaron dé ní 2011, Fenty Beauty ti Rihanna sì gbé àwọ̀ 40 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 2017. Kò sí ìdí mọ́ tí obìnrin dúdú fi gbọ́dọ̀ ra àwọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tó ń ṣe oko, ẹ gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kọ ebè tàbí tí ẹ bá ń yan gàrí, ẹ má fi mékọ́ọ̀pù kankan sójú. Òógùn, èéfín àti àtíkè á para pọ̀ dí ihò ara. Ìpara tó ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára, àti akẹtẹ̀ fífẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá ní àpá dúdú lójú, èyí tó ní àwọ̀ nínú dára ju funfun lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí gan-an máa ń mú kí àpá ṣókùnkùn sí i lára awọ dúdú, èròjà tó sì ń fún ìpara ní àwọ̀, “iron oxides”, máa ń dí i lọ́nà. Ẹ lè rí i lẹ́yìn páálí gẹ́gẹ́ bí CI 77491, CI 77492 tàbí CI 77499. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ tún ìdánwò tíṣù yẹn ṣe, nítorí awọ tó lọ́ràá nígbà òjò lè di àdàlù nígbà náà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìpara abóra. Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kọ ọ́ pé obìnrin 77 nínú 100 ní Nàìjíríà ló ń lo ohun tó ń bó àwọ̀. Hydroquinone, mẹ́kúrì àti clobetasol ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Clobetasol máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, mẹ́kúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Awọ tí a ti bó kò ní gba fandéṣọ̀n kankan dáadáa. Á máa ta á, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní dọ́gba. NAFDAC fòfin de mẹ́kúrì nínú ohun ìpara. Nítorí náà, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì fi ohunkóhun tí wọ́n kọ “whitening” tàbí “lightening” sí lára sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ta, tàbí tí irorẹ́ rẹ̀ kò lọ, ẹ̀ka awọ ní ilé ìwòsàn UCH ni kó gbà lọ, kó má ṣe fi pánkéèkì bò ó.

Ìtọ́jú tún wà lẹ́yìn rírà. Àwòrán ìgò tó ṣí, tí wọ́n kọ 6M tàbí 12M sí inú rẹ̀, ń sọ iye oṣù tí nǹkan náà fi dára lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Ẹ má ra èyí tí oòrùn ti ń pa lórí igbá lẹ́bàá títì. Ẹ máa fọ fóòmù tí ẹ fi ń pa àtíkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má sì yá ẹlòmíràn lò, kódà lọ́jọ́ òde. Bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ fọ mékọ́ọ̀pù kúrò lójú kí ẹ tó sùn.

Bí owó kò bá tó, ìpara tó bá awọ yín mu ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí SPF tẹ̀ lé e, kí àtíkè tàbí fandéṣọ̀n kan ṣoṣo tó bá àwọ̀ yín dọ́gba gbẹ̀yìn. Ẹ kọ irú awọ yín àti ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá lẹ́yìn páálí sórí bébà kékeré, kí ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Bí ọlọ́jà kò bá jẹ́ kí ẹ yí páálí wò, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó kàn.