Òfin Ilẹ̀ àti Oko Àgbẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwa tí a óò máa kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí òfin wí nípa oko bàbá wọn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní ìgbèríko, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá gba oko fún iṣẹ́ ìlú, owó irúgbìn nìkan kò tó: dandan ni kí ó fún àgbẹ̀ náà ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò dáko sí. Èyí wù wá púpọ̀, nítorí owó ẹ̀gẹ́ ọdún kan kì í ra oko. Ṣùgbọ́n kò kan ìgboro. Ní Kosofe, níbi tí ilé ti kún láti Ketu dé Ikosi, ta ni yóò fún ẹni tí ń gbin ẹ̀fọ́ ní ilẹ̀ mìíràn? Ata ọjà Mile 12 pàápàá, Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá.