Orin Wo Ni A Ó Kọ Nígbà Tí Àsíá Bá Gòkè?

Ẹ ti ka ìròyìn ìkómọjáde, ti ìgbéyàwó àti ti àwọn tí Ọlọ́run pè sílé ní àwọn ojú ewé ìṣáájú. Nísinsin yìí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti fa àríyànjiyàn púpọ̀ láàárín wa láti ọdún 2024, nílé àti ní ìpàdé. Ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè ni, pàápàá bí a ti ń kọ ọ́ ní pápá ìṣeré níwájú àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè.

Obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fọláṣadé Oluwafemiayo. Ní ọdún 2021, ní ìlú Tokyo ní ilẹ̀ Japan, ó gba wúrà nínú gbígbé irin ní Paralympics, èyí tí í ṣe ìdíje Olympics ti àwọn akanda ẹ̀dá. Wọ́n fi wúrà náà kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n fa àsíá wa sókè, wọ́n sì lu orin orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ní ìlú Paris, ó tún gba wúrà mìíràn. Àsíá kan náà ni wọ́n fà sókè fún un. Orin náà kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi ọwọ́ sí òfin tí ó dá orin àkọ́kọ́ padà, èyí tí a ń kọ láti ọjọ́ òmìnira ní ọdún 1960 títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1978. Lillian Jean Williams, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń gbé ní Nàìjíríà nígbà náà, ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀; Frances Benda ni ó ṣe ohùn rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń wí pé kò yẹ kí àlejò máa kọ́ onílé bí yóò ti yin ilé rẹ̀. Orin kejì wọlé nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ènìyàn márùn-ún ni a fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ láti inú ohun tí wọ́n kọ: John Ilechukwu, Eme Etim Akpan, Sota Omoigui, àti ọmọ Yorùbá méjì, B. A. Ògúnnáìkè àti P. O. Adéríbigbé. Ògúnnáìkè yìí ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ olórin àwọn Ọlọ́pàá, lábẹ́ Benedict Odiase, ni ó fi ohùn sí i. (Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọ Yorùbá ni ó gbé orin àkọ́kọ́ lọ, ọmọ Yorùbá náà ni ó sì gbé e padà. Nítorí náà, bí aládùúgbò bá bi yín léèrè ní ọjà pé èwo gan-an ni ẹ̀yin Yorùbá fẹ́, ẹ kàn rẹ́rìn-ín.)

Ní ìpàdé wa, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bí a bá dìde láti kọ orin, àwọn bàbá àti ìyá tí wọ́n ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó di 1978 a kọ ọ́ láìwo ìwé, ojú wọn a sì máa dán. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ a gbé ohùn sókè pẹ̀lú wọn. Àwọn tí wọ́n wà láàárín, àwọn tí í ṣe òbí àwọn ọmọ náà, ni wọ́n ń mi ẹnu bí ẹni ń jẹ obì. Bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ ń kọ orin kan náà, bàbá ọmọ sì ń wo ilẹ̀. A kò rí irú rẹ̀ rí.

Kí wá ni orin yìí ń ṣe fún àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá sí òkè ọya? Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti dúró tì í. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, orin kejì kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí Nàìjíríà pàdé Algeria ní Sùúrùlérè ní Èkó, nínú àṣekágbá Ife Áfíríkà. A fi góòlù mẹ́ta borí wọn, wọn kò rí ẹyọ kan jẹ. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni ó gbá méjì wọlé, Múdà Lawal sì gbá ìkẹta. Jos ni Ọdẹ́gbàmí ti dàgbà, ibẹ̀ ni ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ St. Murumba, kí ó tó lọ sí Ìbàdàn tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ni Christian Chukwu, ọmọ Ìgbò.

Ẹ tún wo Ràṣídì Yẹkíní. Kàdúná ni a bí i sí ní ọdún 1963. Ará Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù UNTL, ti ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tí ó wà ní Kàdúná, ni ó ti bẹ̀rẹ̀; ẹ̀yin tí ẹ gbé ibẹ̀ mọ irú ilé-iṣẹ́ tí a ń wí, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ará wa ni ó jẹun níbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé lára Bulgaria, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé láti ìgbà tí a ti dáyé. Ó sáré wọ inú àwọ̀n lọ, ó na ọwọ́ méjèèjì láti inú ihò àwọ̀n náà, ó ń sọkún, ó sì ń ké. Góòlù 37 ni ó jẹ fún Nàìjíríà kí ó tó dákẹ́. Ìbàdàn ni ó kú sí ní ọdún 2012.

Nígbà tí Yẹkíní dúró ní Dallas tí wọ́n ń lu orin, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè pé ọmọ ibo ni. Èyí ni ó jẹ wá lógún. Ọmọ tí a bí sí Sábọ́ńgàrí, tí ó ń fi Háúsá dá àpárá, tí ó mọ ọ̀nà ọjà ibẹ̀ ju ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ lọ, yóò kọ orin orílẹ̀-èdè láràárọ̀ fún ọdún méjìlá. Ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì tàbí kí ó gba iṣẹ́ ìjọba, wọn yóò ní kí ó lọ mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Òun yóò sì wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí kò sùn mọ́jú rí, láti lọ tọrọ ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n. Orin àkọ́kọ́, ní tirẹ̀, kò fi pamọ́ pé ẹ̀yà púpọ̀ ni wá, ṣùgbọ́n gbogbo Nàìjíríà ni ó pè ní ilẹ̀ ìbí wa. Orin kejì kò dárúkọ ẹ̀yà rárá. Lórí kókó yìí, ti àkọ́kọ́ tẹ́ wa lọ́rùn jù, òyìnbó ìbáà kọ ọ́. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ìwé tí àwọn akọ̀wé ń béèrè bá orin náà mu.

Àwọn kan nínú wa a máa bínú bí wọ́n bá rí agbábọ́ọ̀lù tí kò la ẹnu nígbà tí orin ń lọ. Wọn a ní kò fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀. A kò bá wọn lọ sí ibẹ̀. Orin ilẹ̀ Sípéènì kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí ìjọba fi ọwọ́ sí. Ohùn lásán ni. Síbẹ̀ Sípéènì gba Ife Àgbáyé ní ọdún 2010 pẹ̀lú ẹnu dídì. Ẹ̀wẹ̀, ìdákẹ́ mìíràn wà tí í ṣe ọ̀rọ̀. Ní Qatar ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí rògbòdìyàn wà ní ilẹ̀ Iran lórí ikú Mahsa Amini, àwọn agbábọ́ọ̀lù Iran kọ̀, wọn kò kọ orin wọn kí wọ́n tó bá England gbá. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, níwájú Wales, wọ́n kọ ọ́. Ta ni ó lè fi ẹnu wọn díwọ̀n ọkàn wọn? Michelle Alozie tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Super Falcons, California ni a bí i sí; ó lè má kọ́ orin wa ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ṣùgbọ́n ó wà nínú àwọn tí wọ́n gba Ife Áfíríkà kẹwàá fún wa ní Rabat ní ọdún 2025, tí Rashidat Àjíbádé jẹ́ balógun wọn. Góòlù méjì ni Morocco kọ́kọ́ fi ṣíwájú. Àwọn ọmọ wa parí rẹ̀ sí mẹ́ta sí méjì.

Òógùn ni a fi ń ra orin ní òkèèrè. Láti 1952 tí Nàìjíríà ti ń lọ sí Olympics, a kò gba wúrà kankan títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1996 ní Atlanta, nígbà tí Chioma Ajunwa fo mítà 7.12. Ọlọ́pàá ni Ajunwa. Orin tí àwọn olórin Ọlọ́pàá ṣe, ọlọ́pàá obìnrin ni ó kọ́kọ́ mú kí a lù ú ní Olympics. Ní ọjọ́ kejì, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa na Argentina ní mẹ́ta sí méjì, a tún lù ú.

Ti ọdún 2000 ni kò yé dùn wá. Ní Sydney, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sá eré ìje tí ènìyàn mẹ́rin ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Amẹ́ríkà ṣe ipò kìíní, àwa ṣe ìkejì. Ní 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kọ̀. A gba wúrà náà lọ́wọ́ wọn, a sì fi í fún Nàìjíríà ní ọdún 2012. Ṣùgbọ́n Sunday Bada ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Orin Amẹ́ríkà ni ó dúró gbọ́ ní Sydney, ó sì kú kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ fún un pé tirẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n lù.

Bóyá ìdí nìyí tí ẹkún Tóbi Amúsàn fi wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde yìí sá 100 mítà tí a ń fo igi kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, tí ẹnikẹ́ni kò sá rí, kí ó tó gba wúrà ní àṣekágbá lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n lu orin kejì fún un lórí pẹpẹ ẹ̀yẹ, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí láàárín wa ni ó bá a sọkún nídìí tẹlifíṣọ̀n, nítorí orin ìgbà èwe tiwọn nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lu ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó ń rẹ́rìn-ín sí i ní ìdí orin. Ẹni tí ó bá ní ìwé tí a tẹ orin àkọ́kọ́ sí, ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó jọ̀wọ́ fi fún akọ̀wé wa kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí a lè ṣe ẹ̀dà fún àwọn tí wọ́n wà láàárín. Àwọn ọmọ kò nílò rẹ̀.