Pàṣípààrọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Lẹ́yìn Tí Bìrìtéènì Kúrò Nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù

Erasmus ni ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá sílẹ̀ ní ọdún 1987 kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè lo oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan ní ilé-ìwé ilẹ̀ mìíràn. Kì í san owó ilé-ìwé níbi tó bá lọ, wọ́n sì máa ń fún un ní owó ìrànwọ́. Bí ti ìhín ṣe ń lọ ni ti ọ̀hún ń bọ̀.

Bìrìtéènì dìbò ní ọdún 2016 láti fi Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sílẹ̀, ó sì kúrò ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020. Kíkúrò yìí nìkan kọ́ ló yọ ọ́ nínú Erasmus. Norway àti Turkey kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ àjọ náà, síbẹ̀ wọ́n ń dáwó sí ètò náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìjọba London ló ní owó ètò náà ti pọ̀ jù, tó sì fà sẹ́yìn.

Ní ọdún 2021, ìjọba náà fi mílíọ̀nù 110 pọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ètò Turing. Ètò yìí kò mọ sí Yúróòpù. Gbogbo ayé ni akẹ́kọ̀ọ́ lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jáde nìkan ló ń náwó lé lórí, kò ná kọ́bọ̀ lórí ẹni tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ìjọba Wales rí àléébù yìí, ó sì dá ètò tirẹ̀, Taith, sílẹ̀ láti ran tọ̀tún tòsì lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ àjọ náà tó fẹ́ gba oyè ní Bìrìtéènì tún fara gbá a. Tẹ́lẹ̀, iye tí ọmọ onílé ń san ni ọmọ Jámánì ń san ní London. Láti ọdún 2021, ó di owó àjèjì, bíi ti ọmọ Nàìjíríà, físà sì tún wà níbẹ̀. Lọ́dún náà, iye akẹ́kọ̀ọ́ tuntun láti ilẹ̀ àjọ náà dín ju ìdajì lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Bìrìtéènì àti àjọ náà gbà pé Bìrìtéènì yóò padà sínú Erasmus ní ọdún 2027, pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù 570 pọ́ọ̀nù fún ọdún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó bá kọjá ìyẹn ṣì nílò àdéhùn mìíràn. Àwọn yunifásítì náà ní láti tún àjọṣe tó ti já so: kí wọ́n fẹnu kò lórí iye ẹni tí wọn yóò gbà, iṣẹ́ tí wọn yóò kà sí oyè, àti ibi tí àlejò yóò máa gbé. Ìjọba lè sanwó ìrìn àjò, ṣùgbọ́n láìsí ẹni tó fẹ́ gbàlejò, kò sí pàṣípààrọ̀.