Ìró Méje Lórí Agogo: Rọ́ọ̀kì Progressif àti Àwọn Olórin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà

Àwọn ọ̀dọ́ Tchaada tí wọ́n ń gbọ́ orin lórí tẹlifóònù wọn ti bi wá léèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí ni orin tí àwọn Faransé ń pè ní rock progressif, àti pé kí ló kan ará Ìfọ̀nyìn nínú rẹ̀. Ìbéèrè kejì yìí ló wù wá láti dáhùn jù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó onírun gígùn nìkan ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ tọ orin náà lẹ́yìn, a óò rí i pé Èkó àti Kútọnu wà lójú ọ̀nà rẹ̀, àti pé ó súnmọ́ ìlù tí a ń lù lágbàlá wa ju bí àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ti mọ̀ lọ.

Orin ijó ni rọ́ọ̀kì níbẹ̀rẹ̀, orin kúkurú: gìtá, ìlù, ohùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó parí. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn olórin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìyẹn kò tó àwọn mọ́. Wọ́n fẹ́ kí orin gùn bí ìtàn, kí ó ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ó sinmi, kí ó tún padà wá. Wọ́n mú dùùrù àti fèrè wọlé, wọ́n yá ọgbọ́n lọ́wọ́ jáàsì àti lọ́wọ́ orin àtijọ́ Yúróòpù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni ẹgbẹ́ King Crimson gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ní 1972, ẹgbẹ́ Yes fi orin kan ṣoṣo, Close to the Edge, kún ojú kan àwo wọn. Lọ́dún kan náà, Jethro Tull fi orin kan, Thick as a Brick, kún ojú méjèèjì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Pink Floyd gbé The Dark Side of the Moon jáde, àwo tó wọ ilé àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú orin bẹ́ẹ̀ ní orúkọ.

Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, a kò ní kà wọ́n tán. Àwọn kan fara mọ́ orin ńláńlá bí ti àwọn àgbà olórin Yúróòpù, bíi Genesis àti Yes. Ní Jámánì, àwọn ẹgbẹ́ bíi Can àti Neu! ṣe òdìkejì: wọ́n di ìlù kan ṣoṣo mú, wọn kò jẹ́ kó yí padà fún ìgbà pípẹ́, títí orí olùgbọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹni tó bá ti jókòó síbi ìlù òru rí yóò mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ní Faransé, onílù Christian Vander dá ẹgbẹ́ Magma sílẹ̀ ní 1969, ó sì ṣẹ̀dá èdè kan tí ó pè ní kobaïen láti fi kọrin, èyí tó di ẹ̀ka kan lọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní zeuhl. (Àwa tí a ṣì ń jà kí wọ́n kọ́ ọmọ wa ní èdè ìyá rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ẹnu yà wá sí ẹni tó fi Faransé sílẹ̀ lọ sí èdè tí ìyá kankan kò fi rẹ ọmọ rí. Síbẹ̀, a gbọ́ ọ: ó fẹ́ kí ohùn jẹ́ ìró kí ó tó jẹ́ ọ̀rọ̀.) Nígbà tó yá, àwọn ará Amẹ́ríkà bíi Dream Theater dà á pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì líle, ẹ̀ka yìí sì wà láàyè títí di òní.

Ohun kan ló jẹ́ kí á máa pa àwọn orin wọ̀nyí pọ̀ mọ́ tiwa, ohun náà sì ni kíkà. Rọ́ọ̀kì lásán a máa ka mẹ́rin: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, a tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn onírọ́ọ̀kì progressif fẹ́ràn láti ka márùn-ún, méje, mọ́kànlá, kí ẹsẹ̀ olùgbọ́ lè kọsẹ̀ díẹ̀. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ni orin Money ti Pink Floyd, tó ń ka méje. Wọ́n ka èyí sí iṣẹ́ ọpọlọ, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. A jókòó gbọ́ ọ ni, a kì í sábà jó o.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo agogo tiwa. Nínú ọ̀pọ̀ ìlù Yorùbá, ti Fọ̀n àti ti Éwé, bí a bá pín àyípo ìlù kan sí ọ̀nà méjìlá tó dọ́gba, ìró méje ni agogo máa ń dá nínú rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì dọ́gba. Bí agogo ti ń sọ méje tirẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ oníjó ń ka mẹ́rin, omele kan lè máa ka mẹ́fà, ìyá ìlù sì ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí gbogbo wọn láìbìkítà fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ń kọsẹ̀. Ìyá arúgbó tí kò ka ìwé rí yóò dìde jó o, ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ yóò máa mi orí sí i. Ohun tí wọ́n fi ìwé àti ìpéjọ ìdánrawò wá ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbọ̀nsẹ̀ ijó lásán ni níbi tiwa. A kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó kàn ṣe kókó kí á mọ ohun tí àwọn olórin ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní lọ́wọ́ kí gìtá oníná tó dé bá wọn.

Ó dé bá wọn lóòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Ginger Baker, onílù Cream tó lórúkọ káàkiri ayé, wá sí Èkó, ó bá Fela ṣeré, ó sì ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sí Ìkẹjà ní 1973. Lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá a ṣiṣẹ́ ni Berkley Jones àti Laolu Akintobi. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Mike Odumosu ló di ẹgbẹ́ BLO, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ni wọ́n sì fi ṣe orúkọ ẹgbẹ́. Àwo wọn Chapter One, ti 1973, wà lára ohun tó súnmọ́ rọ́ọ̀kì progressif jù tí a lè rí ní ilẹ̀ Yorùbá: gìtá tó ń rìn gbéregbère bí ẹni tó sọnù sínú ìkùukùu, ìlù tó mọ ibi tó ń lọ. Lọ́dún kan náà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama St Gregory's ní Èkó gbé Try and Love jáde lábẹ́ orúkọ Ofege. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n o.

Ní ti orin gígùn, kò sí ẹni tí Yorùbá nílò láti kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn onijùjú wa, Ebenezer Obey àti Sunny Adé, ti ń fi orin kan wọ inú òmíràn láìdúró títí ojú kan àwo yóò fi kún, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣeré lóde ìnáwó: ẹni tó ń náwó kò tíì joyè orúkọ rẹ̀ tán, báwo ni orin yóò ṣe parí? Fela ní tirẹ̀ fi Confusion kún ojú méjèèjì àwo kan ní 1975. Ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, níbi tí dùùrù oníná Fela àti ìlù Tony Allen ti ń wá ara wọn láìsí ìkà kankan, kò sí onírọ́ọ̀kì progressif tí kò ní bọ́ fìlà fún un.

Ní ìhà tiwa níbí, Kútọnu ni ilé iṣẹ́ ńlá náà wà. Mélomé Clément dá Orchestre Poly-Rythmo sílẹ̀ ní 1968, wọ́n sì fi Tout Puissant kún orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéraga tí wọ́n fi iṣẹ́ wọn gbè lẹ́sẹ̀. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀. Èyí tó dára jù nínú wọn jáde lábẹ́ àmì Albarika Store ti Seidou Adissa, Èkó ni wọ́n sì ti gba ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀, nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI. Fún àwọn àmì kéékèèké, wọ́n a máa fi ẹ̀rọ Nagra gba ohùn nínú ilé àdáni. Ẹ̀rọ kan, gbọ̀ngán kan, ẹni tó bá ṣi ìlù lù ti ba ti gbogbo ènìyàn jẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe tó mú wa ka wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọn kò fi ìlù ilé ṣe ọ̀ṣọ́ lásán lára orin òyìnbó. Wọ́n mú sato, ìlù ńlá tó ga tó ènìyàn tí àwọn Ègùn Àjàṣẹ́ ń lù níbi ayẹyẹ ìrántí òkú, wọ́n pín in fún gìtá, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti ìlù òyìnbó. Wọ́n mú ìlù Sakpata, ẹni tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀nná, wọ́n fi dùùrù oníná sí i lókè. Egungun orin náà, láti ilé ni. Ẹran ara rẹ̀ ni fọ́ńkì àti rọ́ọ̀kì.

Ǹjẹ́ rọ́ọ̀kì progressif wá ni èyí? Ní tiwa, a kò rò pé ó yẹ kí á fi orúkọ náà wọ̀ wọ́n bí ẹ̀wù àyálò. Àwọn òyìnbó mú orin ijó, wọ́n sọ ọ́ di orin ìjókòó. Poly-Rythmo mú ìlù awo, wọ́n sọ ọ́ di orin ilé fàájì, ijó kò sì dúró. Ṣùgbọ́n ìgboyà kan náà ni: kí a kọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìkà mẹ́rin ni òpin ohun tí orin lè jẹ́.

Àwọn tó rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìpa náà gbà, láti ọ̀dọ̀ wọn sí ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí. Brian Eno fẹ́ràn àwo Fela tí a ń pè ní Afrodisiac, ó sì gbé e fún David Byrne gbọ́. Láti inú ìgbọ́ yẹn ni Remain in Light, àwo Talking Heads ti 1980, ti rí apá kan ẹ̀mí rẹ̀. Adrian Belew ló ta gìtá nínú àwo náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Belew ti wà nínú King Crimson, ẹgbẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, tó padà dé pẹ̀lú àwo Discipline, níbi tí gìtá méjì ti ń há sínú ara wọn bí omele méjì. A kò sọ pé Fela nìkan ló fà á. Wọ́n gbọ́ orin Indonéṣíà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìlù Èkó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Tony Allen fúnra rẹ̀ di ará Paris, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù kẹrin ọdún 2020, lẹ́yìn tó ti bá àwọn ọmọdé onírọ́ọ̀kì ibẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nílé, nǹkan bà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìjọba Kérékou gorí àga ní 1972, ọdún 1975 ni Dahomey di Bẹ̀nẹ̀, ìgbésí ayé alẹ́ sì rọ díẹ̀díẹ̀ bí owó ti ń wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ikú mú Papillon onígìtá àti Léopold Yéhouessi onílù, Poly-Rythmo kò sì rí bí ó ti rí mọ́. Ó di 2008 kí Samy Ben Redjeb, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Analog Africa sílẹ̀ ní Jámánì, tó gbé African Scream Contest jáde, àkójọ orin Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ti àwọn ọdún 1970. Lọ́dún 2009 àwọn àgbà Poly-Rythmo lọ ṣeré ní Yúróòpù. Ní 2011 wọ́n gbé àwo tuntun jáde, Cotonou Club. Mélomé Clément kú ní ìparí 2012. Ó rí i kí ó tó lọ, ìyẹn jẹ́ ìtùnú.

Inú wa dùn sí ẹni tó wá tún orin náà tẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀dọ́ Tchaada tó bá fẹ́ gbọ́ sato onígìtá lónìí, ó di dandan kí ó gba Frankfurt kọjá, nígbà tí Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí wa, tí àwọn àwo kan náà sì wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn àwọn bàbá wa. Bákan náà ni ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́: UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n a kò lè fi ìkéde kọ́ ọmọ bí ẹsẹ̀ oníjó ṣe ń fi irin tó so mọ́ ọn dá ìyá ìlù lóhùn. Ọwọ́ ló ń kọ́ ọwọ́. Níbi tí ọmọ onílù bá ti fi ìlù sílẹ̀, olórin tó fẹ́ ṣe bí Mélomé kò ní rí ohun tí yóò pín fún gìtá.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwo àtijọ́ nílé, kí ó má ṣe tò ó lórí ara wọn, kí ó gbé e dúró bí ìwé lórí pẹpẹ, kúrò níbi oòrùn àti kúrò lábẹ́ páànù gbígbóná, nítorí ooru a máa ká a. Kí ó má fi omi ọṣẹ líle nù ún. Àwo kéékèèké kì í sábà kọ orúkọ ju ti ọ̀gá ẹgbẹ́ àti ẹni tó kọ orin lọ. Bí bàbá tàbí ìyá tó mọ ẹni tó ta gìtá, ẹni tó lu agogo, bá ṣì wà láàyè, kí a béèrè lọ́wọ́ wọn báyìí, kí a kọ ọ́ sórí ìwé, kí a sì fi ìwé náà sínú àpò àwo náà.