Kọ̀ǹpútà Àtijọ́, Owó Péréte: Kí Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Pààrọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo parí gbígba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ ní Ifọ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, mo gbé fáìlì àkọ́kọ́ sínú Praat lórí kọ̀ǹpútà tó wà nílé wa ní Mowe. Ohùn wákàtí kan ni. Kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, kò sì dá mi lóhùn mọ́. Mo lọ fọ aṣọ, mo padà dé, ojú kan náà ló wà. Bẹ́ẹ̀ alábòójútó mi ti ní òun fẹ́ rí orí kẹrin kí oṣù tó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún mi. Tòkunbọ̀ ni, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ju ₦45,000 lọ. Ìyẹn ò lè ra kọ̀ǹpútà mìíràn tó dáa, àmọ́ ó lè tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, bí mo bá ti mọ ibi tó ń dùn ún. Ohun tí mo kọ́ nìyí, fún ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá bá.

Ẹ wá ibi tó ń dùn ún

Ẹ fojú inú wo alásè níbi ìnáwó. Processor ni alásè fúnra rẹ̀. RAM ni tábìlì tó ń to ohun èlò sí. Hard disk ni yàrá tí wọ́n kó oúnjẹ pamọ́ sí. Bí tábìlì bá kéré, alásè á máa sáré lọ sáré bọ̀ sí yàrá yẹn ṣáá. Bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó, oúnjẹ á pẹ́. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ nìyẹn: alásè ò níṣòro, tábìlì ló kéré, yàrá ló jìnnà.

Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á yọ. Ẹ ṣí Performance, kí ẹ wá máa ṣe iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Bí Memory bá ń súnmọ́ 100%, RAM ló kéré. Bí Disk bá dúró sí 100% tí CPU sì wà nísàlẹ̀, hard disk ló ń fà sẹ́yìn. Lórí tèmi, Memory wà ní 94%, Disk wà ní 100%, CPU kò kọjá 20%. Ká ní processor ni mo sáré lọ rà, owó mi ì bá ti wọgbó.

Ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀

Mo yọ wáyà iná, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀. Eruku márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti di bí òwú lára fáànù. Bí eruku bá bo fáànù, ooru kò ní ráyè jáde, processor á sì dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Mo fi ìka di fáànù mú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ gbọn eruku náà kúrò.

Èkejì kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè gan-an. Bí ẹ bá fi "Read from file" ṣí ohùn nínú Praat, gbogbo rẹ̀ ló máa kó sínú RAM, byte 8 ló sì ń lò fún sample kọ̀ọ̀kan. Fún ohùn wákàtí kan tí a gbà ní 44,100 Hz, tó ní channel kan ṣoṣo, ẹ sọ 44,100 di ìlọ́po 8, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 3,600. Ó lé ní 1.2 GB, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bíi 317 MB ni fáìlì náà lórí disk. RAM tèmi kò ju 2 GB lọ, Windows sì ti jókòó lé èyí tó pọ̀ níbẹ̀. "Open long sound file" kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Apá tí à ń wò nìkan ló ń kó wọlé. Ọjọ́ tí mo mọ èyí ni mo tó rí ohùn bàbá àkọ́kọ́ wò lójú Praat.

RAM: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

DDR3 kò lè wọ ojú ihò DDR4. Ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀. Ti laptop náà kúrú ju ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ. Mo fi ara mi kọ́gbọ́n: ní Ibafo, mo kàn béèrè "RAM 4 GB", ti laptop ni wọ́n gbé fún mi. Ẹni tó tà á gbà kí n pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ti lọ. Ẹ yọ èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Ẹ tún wo irú Windows tí ẹ ń lò: èyí tó bá jẹ́ 32-bit kì í lò ju 4 GB lọ, ó di dandan kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí 64-bit.

Bí ẹ bá fẹ́ fi RAM sí i, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà kí iná ara yín má baà bà á jẹ́, kí ẹ wá tẹ eteetí rẹ̀ méjèèjì títí yóò fi dún "kọ́". Bí kò bá wọlé, ẹ yí i padà wò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

SSD: ibi tí owó ti ń sọ̀rọ̀ jù

Nínú hard disk, àwo kan ló ń yí, ẹ̀ẹ̀meje ẹgbẹ̀rún ó lé igba (7,200) ní ìṣẹ́jú kan lórí ọ̀pọ̀ wọn, abẹ́rẹ́ kan á sì máa rìn kiri wá fáìlì lórí rẹ̀. SSD kò ní ohun tó ń yí. Nígbà tí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń wá, ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ náà fi ń hàn kíákíá. Wáyà SATA tó wà lára hard disk náà ló máa wọ SSD oní-SATA. 240 GB tó. Hard disk àtijọ́ lè máa gbé inú àpótí náà kó máa tọ́jú fáìlì.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da fáìlì yín kọ síbòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó bá mi sọ̀rọ̀ ní Ifọ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. SSD wà lọ́jà. Ohùn bàbá ò sí lọ́jà.

Iná àti bátìrì kékeré

Bí iná bá lọ lójijì, fáìlì tí à ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́. Bí UPS bá wà nílé tí kò gbé iná mọ́, bátìrì inú rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jù ú nù. Bí déètì kọ̀ǹpútà yín bá ń padà sẹ́yìn lójoojúmọ́, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń sọ pé ojúlé gbogbo kò láàbò, bátìrì CR2032 tó rí bí owó ẹyọ lórí motherboard ló ti kú. Òun ló rọjú jù nínú gbogbo ohun tí mo rà.

Windows ńkọ́?

Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní. Linux Mint ni mo gbé sórí tèmi. Ọ̀fẹ́ ni, Praat, Audacity àti LibreOffice ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó tún ní àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá.

Níbo la ti máa rà á?

Ọjà pọ̀ ní Computer Village, Otigba, Ìkẹjà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Mowe tàbí Ibafo á gba Berger, ẹni tó ń bọ̀ láti Ifọ̀ á gba Sango. Àmọ́ ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ owó ọjà kí ẹ tó sọ pé ibẹ̀ lówó rẹ̀ kéré ju ti àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò lọ. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án lójú yín kí ẹ tó sanwó.

SSD, RAM 4 GB méjì tí ẹlòmíràn ti lò, bátìrì kékeré àti owó ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦42,000. Kọ̀ǹpútà tó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó jí ti ń jí báyìí kí n tó fa àga jókòó. Orí kẹrin ti wà lọ́dọ̀ alábòójútó mi. Atúnṣe tó kù, ti gírámà ni.