Ṣé abẹ́ ilẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin wa máa gbà?

Àríyànjiyàn kan ò tíì tán ní kíláàsì wa. Àwọn kan ní tí ìjọba bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin dé Ajah, abẹ́ ilẹ̀ ni kó gbà bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, ká lè bọ́ lọ́wọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Èmi tí mò ń ti Ṣàngótẹ̀dó wá síléèwé láràárọ̀, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé a nílò ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ wo?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tó wà nílẹ̀. Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Mile 2 dé Marina: kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún. Red Line ń ti Agbádó bọ̀ ní Oyíńgbò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Tiwa ni Green Line, tí kò tíì sí. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé yóò gbéra ní Marina, yóò gba Victoria Island, Lẹkki àti Ajah kọjá dé Lekki Free Zone, nǹkan bí kìlómítà 68. Ọdún 2024 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí rẹ̀.

Marina ni Green Line àti Blue Line yóò ti pàdé. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: ẹni tó bá ti Ajah ń lọ Ìkẹjà á bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, á tún máa sáré lé dánfó míì. Ní ibùdó tí ọ̀nà irin méjì ti pàdé, o kàn máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọ̀kan, o máa gun àtẹ̀gùn, o máa wọ èkejì, òjò ò ní pa ọ́.

Ẹni tó bá ti dé Marina á ti rí i pé òkè ni ibùdó náà wà, lórí òpó kọnkéré, létí ọ̀sà. Kí ló dé tí wọn ò gbẹ́ ẹ? Omi ni mo fura sí.

Ilẹ̀ tiwa wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Yanrìn ni, omi ò sì jìnnà sókè. Ẹ lọ wo àwọn tó ń gbẹ́ soakaway ládùúgbò yín, kòtò ò tíì mù wọ́n dé àyà tí omi á ti máa sun. Ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ sì lè jìn tó ilé alájà mẹ́rin!

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ogiri ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò. Wọ́n á gbẹ́ ihò tóóró wọlẹ̀, wọ́n á da omi amọ̀ tó ki sínú rẹ̀ kí yanrìn má bàa ya, wọ́n á ki irin bọ̀ ọ́, wọ́n á wá da kọnkéré láti ìsàlẹ̀ wá, tí á máa ti omi amọ̀ náà jáde. Bí ogiri bá yí ká tán, wọ́n á kó yanrìn àárín rẹ̀, ẹ̀rọ á máa fa omi.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ibùdó náà á fẹ́ léfòó. Ẹ fi ọwọ́ tẹ kèrègbè òfìfo wọ inú omi, ẹ ó rí bó ṣe máa bá yín jà. Ẹ̀yin tó ń ṣe Physics, upthrust nìyẹn. Ibùdó òfìfo nínú ilẹ̀ olómi, kèrègbè ńlá ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú kọnkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn gan-an, tàbí kí wọ́n fi òpó gígùn dè é mọ́lẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ń wí, amọ̀ líle ló pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó rọrùn láti gbẹ́. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ ọ̀kan sínú omi: Canary Wharf, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1999. Èbúté ọkọ̀ ojú omi ni tẹ́lẹ̀, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ní New York, wọ́n ṣí South Ferry létí omi lọ́dún 2009. Ìjì Sandy da omi òkun kún un lọ́dún 2012, ó di 2017 kí wọ́n tó tún un ṣí. New York olówó nìyẹn o! Ní Bangkok, wọ́n gbé ẹnu ọ̀nà ibùdó abẹ́ ilẹ̀ ga ju títì lọ nítorí omíyalé. Èèyàn á kọ́kọ́ gòkè kó tó sọ̀kalẹ̀. Ní Lẹkki tí òjò oṣù keje ń wọ pálọ̀ lọ bá onílé, àtẹ̀gùn mélòó ni a máa gùn?

Ní tèmi, kí wọ́n gbé tiwa gba orí òpó. Iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ máa ń gbówó lórí ní ìlọ́po-ìlọ́po, a sì ti dúró pẹ́. Gómìnà Lateef Jákàńdè, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe Jákàńdè lọ́nà Lẹkki níbí, ti fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin fún Èkó láyé ìjọba rẹ̀. Ìjọba ológun fagi lé e lọ́dún 1985.

Èyí tí mo rò pé ó yẹ ká máa béèrè ni ibi tí ibùdó Ajah máa wà. Bí àwọn ará Badore àti Langbasa bá ní láti wọ kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀, tí kò sì sí afárá ẹlẹ́sẹ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kan náà ni wọ́n á kọ́kọ́ là kọjá. Mo ya ọ̀nà náà láti Marina dé Ṣàngótẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Kí kálukú fi bírò sàmì sí ibi tó fẹ́ kí ibùdó tirẹ̀ wà.